Gáùn Tí Moyọ̀sọ́rẹ Yáni

Orí àkàbà ni Gbénró wà lọ́jọ́ tí Moyọ̀sọ́rẹ kọ́kọ́ rí i. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Moyọ̀sọ́rẹ ti ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́ ló gbé iṣẹ́ fún un pé kó yọ àwọn fèrèsé onípákó, kó fi ti alumíníọ́mù rọ́pò wọn. Moyọ̀sọ́rẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nísàlẹ̀, Gbénró ń lu òòlù lókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ yìí ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Èmi ń gbọ́ ọ ní tèmi. Méje lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìnléláàádọ́ta ni."

"Irọ́ ni o!" ni àwọn ọmọ pariwo. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni!"

Gbénró gbá orí mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà lẹ́gba. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Moyọ̀sọ́rẹ náà kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, iṣẹ́ tó yẹ kó tán láàárín ọjọ́ díẹ̀ di iṣẹ́ àṣekára tí kò lópin. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rò pé ọ̀lẹ ni oníṣẹ́ náà. Moyọ̀sọ́rẹ nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọmọ Ìjàn-Èkìtì ni Gbénró. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Tóyìn, ló dá tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olúwatóyìn, lẹ́yìn tí bàbá wọn ti kú. Nọ́ọ̀sì ni Tóyìn ní ìlú ọba. Ìgbà tí ìfẹ́ Gbénró àti Moyọ̀sọ́rẹ ń gbóná yìí, ọ̀dọ̀ Tóyìn ni Màmá wà, ó lọ bá a wẹ ọmọ tuntun.

Orí fóònù ni Moyọ̀sọ́rẹ ti mọ ìyá ọkọ rẹ̀. Gbénró á tẹ̀ ẹ́, á gbé e fún un, ohùn arúgbó á sì dún láti òkèèrè.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyàwó yín ni, Màmá."

"Èwo nínú wọn?"

Màmá á wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi dé. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pe ara wọn, bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Moyọ̀sọ́rẹ náà á ní, "Ẹyọ kan ṣoṣo ni, Màmá. Bí ìkejì bá wà, ọmọ odó ni màá fi lé e."

"Odó ṣe dẹ́nu rẹ! Ṣé o mọ uṣu gún?"

"Bí mo bá ń gún un ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ọ níbẹ̀ yẹn."

Gbénró fẹ́ kí wọ́n jọ fi fídíò rí ara wọn, Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kì í pàdé ìyàwó nínú ẹ̀rọ. "Ọjọ́ tí mo bá dé ulé ni màá fojú ara mi rí i. Ọwọ́ mi yìí ni màá fi da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó tó wọlé wá bá mi." Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àti ìgbéyàwó sílẹ̀ di ìgbà tí Màmá bá padà. Moyọ̀sọ́rẹ kò bínú. Ó ti rán gáùn funfun rẹ̀, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, àràárọ̀ ló sì ń rí i kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Màmá kò padà. Rọpárọsẹ̀ ló dá a wó nílé ọmọ rẹ̀. Dókítà ní kò lè wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́, pé kí àwọn tó bá fẹ́ rí i máa bọ̀ wá rí i.

"Gbénró, tètè wá," ni Tóyìn sọ lórí fóònù. Ó ń sunkún. "Orúkọ rẹ ló ń pè."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Gbénró wá sí Ìkẹ́rẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Moyọ̀sọ́rẹ, Bàbá Akíndélé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó béèrè pé báwo ni òun ṣe máa gba físà.

"Òótọ́ ni kí o sọ," ni bàbá wí. "Ìyá rẹ ń ṣàìsàn, o fẹ́ lọ wò ó, o sì máa padà síbi iṣẹ́ rẹ. Kí tún ni o fẹ́ fi kún un?"

Lórí fóònù Moyọ̀sọ́rẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, orí rẹ̀ àti orí Gbénró kan ara wọn. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó níyàwó, Gbénró rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí n kọ pé ó kù díẹ̀?"

"Kọ pé rárá, adé orí mi. Ó ń bọ̀ wá di bẹ́ẹ̀ ni."

Wọn kò kọ ọ́ tán. Gbénga, ọ̀rẹ́ tí Gbénró àti òun jọ ní ṣọ́ọ̀bù, ló dẹ́rù bà á. Gbénga ti sọ òótọ́ ní tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọn kò sì fún un ní físà. "Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnìkan tó mọ ọ̀nà ló máa bá ọ ṣe é," ni ó wí, ó sì júwe ejẹ́ǹtì kan fún un ní Adó. Ẹ ò rí i pé àwọn àgbà ò parọ́: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Moyọ̀sọ́rẹ bá a dé Adó. Ejẹ́ǹtì náà, Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè, jẹ́ ọlọ́yàyà ènìyàn. Ó fún wọn ní omi tútù, ó bá Gbénró kẹ́dùn àìsàn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi báírò tọ́ka sí i.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ẹ ò níyàwó, ẹ ò bímọ, fèrèsé lẹ ń ṣe. Kí ni òyìnbó máa rò pé yóò fà yín padà wálé?"

"Èmi ni màá fà á padà," ni Moyọ̀sọ́rẹ dáhùn.

Bámgbóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, òyìnbó ò mọ ìfẹ́. Ìwé ló mọ̀. Mo ní obìnrin kan, Peace, ó ń ta bàtà ní Ìsẹ̀. Ó ti lọ sí Dùbáì ra ọjà, ó lọ, ó bọ̀. A máa kọ ọ́ pé ìyàwó yín ni, pé ẹ jọ ń lọ kí Màmá. Bí wọ́n bá rí i pé ìyàwó mọ ọ̀nà lọ, ó sì mọ ọ̀nà bọ̀, ọkàn wọn á balẹ̀."

"Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ èmi?"

"Páàsípọ́ọ̀tì yín dà?"

Moyọ̀sọ́rẹ kò ní. Kò tíì kúrò ní Nàìjíríà rí, kò sì sí ohun tó fi ń ṣe é.

Wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́. Owú ń jẹ Moyọ̀sọ́rẹ, ẹ̀rù sì ń bà á, ìtìjú pé òun ń jowú lórí àìsàn sì tún bò ó. Lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ló ti sọ ọ́ jáde.

"Ìfẹ́ mi, má ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Jẹ́ kí a fi òótọ́ ránṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, a mọ̀ pé wọ́n kọ̀."

"Bí wọ́n bá kọ̀, ìyá mi máa kú láì rí mi." Gbénró jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. "Moyọ̀, òun ló dá tọ́ mi. Kò sí bàbá. Òun nìkan ni. Fọ́tò lásán ni, kì í ṣe ìgbéyàwó. Tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, èmi fúnra mi ni màá ṣàlàyé fún wọn."

Ẹkún ọkùnrin tí èèyàn fẹ́ràn ṣòroó wò. Moyọ̀sọ́rẹ gbá orí rẹ̀ mọ́ra, ó ní kó ṣe é. Kò sọ fún bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n yan fún fọ́tò náà, lẹ́yìn ilé ìjọsìn kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbin òdòdó yí ká. Peace dé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí Moyọ̀sọ́rẹ, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ mí." Gáùn tí ejẹ́ǹtì yá fún un ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí rẹ̀ sì ti ya. Bámgbóyè mi orí. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á mọ̀ pé aṣọ àyálò ni.

Kò sẹ́ni tó bẹ Moyọ̀sọ́rẹ. Gbénró kàn wò ó ni, ó sì yára gbé ojú kúrò. Moyọ̀sọ́rẹ pe ọ̀kadà, ó lọ sílé, ó yọ gáùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e wá. Òun náà ló bá Peace fa síìpù ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí lára rẹ̀, èyí sì dun Moyọ̀sọ́rẹ ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti ya bíi mélòó kan nígbà tí fóònù Gbénró dún. Tóyìn ni, fídíò ló sì fi pè. Ta ni yóò gbọ́ pé ìyá òun wà lórí àìsàn, tí kò ní gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Gbénró tẹ̀ ẹ́. Ojú Tóyìn yọ, lẹ́yìn náà ojú Màmá lórí ìrọ̀rí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Háà! Gbénró, kóòtù lo wọ̀ yìí? Ta nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Fọ́tò… fọ́tò ìgbéyàwó la ń yà," ni Gbénró wí.

"Màmá, ẹ wò ó! Ẹ wo ìyàwó yín! Láti àárọ̀ lẹ ti ń sọ pé ẹ fẹ́ rí i."

Arúgbó tó ní òun kì í wo ìyàwó nínú ẹ̀rọ ti yí ọkàn padà, nítorí ó mọ̀ pé òun kò ní dé ulé mọ́. Ó la ojú rẹ̀ tó kù, ó wo Peace nínú aṣọ funfun. Omi dà lójú rẹ̀.

"Sọ̀rọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. "Sọ̀rọ̀, kí n gbọ́ ohùn rẹ."

Peace yíjú wo Gbénró. Gbénró dúró bí igi. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, àkókò nìyẹn. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni: òun kọ́. Kò sọ ọ́.

Moyọ̀sọ́rẹ wà lẹ́yìn fóònù níbi tí Màmá kò lè rí i, ó di etí gáùn mú kó má baà wọ́ ilẹ̀. Ó rí ojú ìyá náà tó ń wá ohùn tó mọ̀. Kò lè fara dà á.

"Ìyàwó yín ni, Màmá," ni ó wí.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan tó kù fún Màmá rẹ́rìn-ín. "Èwo… nínú wọn?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni, Màmá."

"Ó ṣeun. Ó ṣeun, ọmọ mi. Wàá bímọ, wàá tọ́ ọ. Ulé mi ò ní le mọ́ ọ. Tóyìn, fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìjàn, kí gbogbo wọn mọ ìyàwó mi. Bí n kò bá dé, kí wọ́n bá mi da omi sí i lẹ́sẹ̀."

Àmín tí Moyọ̀sọ́rẹ ṣe kò jáde dáadáa. Ti Peace ló jáde.

Nígbà tí Peace àti Bámgbóyè ti lọ tán, Moyọ̀sọ́rẹ dojú kọ Gbénró. "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ náà ò sọ nǹkan kan."

"Mo sọ̀rọ̀, Gbénró. Èmi ni mo sọ̀rọ̀."

Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n lọ tẹ ìka ọwọ́, wọ́n ń retí. Èsì tó dé kò gùn. Peace ti béèrè físà ìlú yẹn lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ní ọkọ àti ọmọ méjì ní Ìsẹ̀, bó sì ti rí gan-an nìyẹn. Wọ́n ní irọ́ ni Gbénró pa, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ wọ ìlú àwọn fún ọdún mẹ́wàá. Ohun tó mú Moyọ̀sọ́rẹ jókòó sílẹ̀ gbìrì ni gbólóhùn kan tó wà níbẹ̀: wọ́n ní àwọn ti bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, àwọn kò sì jiyàn pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Òótọ́ tí òun àti Gbénró fi sílẹ̀ láì kọ tán ni àwọn òyìnbó gbà gbọ́.

Bámgbóyè kò gbé fóònù mọ́. Màmá Tóyìn kú kí oṣù náà tó parí, láì rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Tóyìn gbé òkú náà wálé. Ìjàn ti gbára dì. Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú ni Gbénró wá sí Ìkẹ́rẹ́, ó ti rù kan egungun. Kò lè jókòó.

"Moyọ̀ mi, Bàbá Bámijókò ti ránṣẹ́ pe Peace." Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Bámijókò, òun ni olórí ẹbí wọn. "Àwòrán yẹn ti dé ọwọ́ gbogbo wọn. Wọ́n ní òun ni Màmá súre fún, òun ni wọ́n máa da omi sí lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú sin. Mo ti bẹ ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni. Jẹ́ kó dúró fún ọ lọ́jọ́ kan yìí. Bí ìsìnkú bá ti parí, màá sọ òótọ́ fún wọn."

Moyọ̀sọ́rẹ fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn gan-an ni ìyà tó ń jẹ ẹ́.

"Gbénró, mo ti yá ènìyàn láṣọ. N kò ní yá a lọ́kọ. Sọ fún wọn."

"Kí n sọ fún wọn pé irọ́ ni mo fi sin ìyá mi sọ́run? Lójú gbogbo Ìjàn? Wọn ò ní jẹ́ kí n da erùpẹ̀ sí i lára."

Bàbá Akíndélé wà nínú yàrá, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jáde, kò pariwo. "Ọmọ mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró de ọjọ́ náà lè ti darúgbó. Moyọ̀sọ́rẹ, má lọ sí Ìjàn."

"Mo máa lọ, Bàbá. Mo fẹ́ lọ sin ìyá mi."

Ó wọ aṣọ dúdú, ó dúró láàárín àwọn àlejò. Wọ́n gbé pósí dé iwájú ilé. Bàbá Bámijókò fi ọ̀pá tilẹ̀, ó gbé ohùn sókè. "Ìyàwó Gbénró dà? Kó bọ́ síwájú. Ìyá ulé yìí kò fẹ́ kó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ."

Ẹsẹ̀ Moyọ̀sọ́rẹ gbé ara rẹ̀. Ó ti rìn díẹ̀ kí obìnrin àgbà kan tó rọra dì í lápá. "Ìwọ kọ́, ọmọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. A ti rí ojú ìyàwó nínú àwòrán."

Peace ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ bàtà. Wọ́n da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, àwọn obìnrin ilé ń ṣàdúrà, omi náà ń ṣàn bọ̀ síbi tí Moyọ̀sọ́rẹ dúró sí. Peace rí i. Ó bú sẹ́kún, gbogbo wọn sì rò pé ẹkún òkú ni.

Wọ́n sọ pósí kalẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ènìyàn ń bu erùpẹ̀, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Moyọ̀sọ́rẹ dúró títí ó fi kan òun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ Ìjàn, ó jù ú sínú ihò.

"Ẹ sùn re, Màmá. Ìyàwó yín ni."

Tóyìn wà ní òdìkejì, ó tẹ orí ba. Ó gbé e sókè lójijì. Ìgbà tí òun ń di fóònù mú fún ìyá rẹ̀, àìmọye ìgbà ló ti gbọ́ ohùn yẹn!

"Ta nìyẹn?" ni ó béèrè. Ó wo Moyọ̀sọ́rẹ, ó wo Peace, ó wo àbúrò rẹ̀. "Gbénró, ta nìyẹn?"

Gbénró ni wọ́n bi, òun ló sì ni ìdáhùn náà. Moyọ̀sọ́rẹ ń wò ó, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbénró la ẹnu. Ojú rẹ̀ kan ojú Bàbá Bámijókò, ó kan pósí ìyá rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bu erùpẹ̀ tirẹ̀.

Moyọ̀sọ́rẹ gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó kúnlẹ̀ fún Tóyìn, bí ọmọlúàbí ti ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n.

"Tíṣà kan láti Ìkẹ́rẹ́ ni, mà," ni ó wí. "Mo wá bá yín kẹ́dùn ni."

Ó dìde, ó la àárín èrò kọjá, ó sì dúró sí etí títì láti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Adó.